Bí Ọwọ́ Bá Kún fún Ìyẹ̀fun, Báwo Lèèyàn Ṣe Fẹ́ Tẹ Fóònù?

Ó ti tó ọdún 6 tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbé ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ọmọ Zarma ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ wá kí wọn, ó pinnu pé dambou lòun máa sè dè wọ́n, kí ìyá lè mọ̀ pé ìyàwó tí ọmọ wọn fẹ́ láti ilẹ̀ Yorùbá mọ oúnjẹ ilé ọkọ sè. Ó ti jẹ dambou láìmọye ìgbà, àmọ́ kò sè é rí. Ló bá gbé áàpù oúnjẹ kan sórí fóònù rẹ̀, ó gbé fóònù náà ti ìgò òróró, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dambou jẹ́, torí èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní Nàìjíríà ni dambu tí wọ́n ń fi ẹran ṣe. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ìrẹsì, jéró, àgbàdo tàbí àlìkámà ni wọ́n máa ń lọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe dambou ti Niamey. Wọn kì í jẹ́ kó kúnná jù, á rí bíi gàrí. Wọ́n á wọ́n omi àti òróró díẹ̀ sí i, wọ́n á fọwọ́ pò ó kó má bàa dì, wọ́n á wá dà á sínú ìkòkò onihò bí ajere, tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò omi tó ń hó. Ooru omi yẹn ló máa sè é. Tó bá yá, wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á tún fọwọ́ tú u, wọ́n á wá po ewé moringa tí wọ́n ti bọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata, iyọ̀ àti òróró ẹ̀pà. Àwọn míì máa ń fọ́ kúlíkúlí sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá a padà sórí ooru.

Ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni látòkèdélẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti wọnú ìyẹ̀fun ni ojú fóònù ṣókùnkùn. Ó nu ọwọ́, ó ṣí i. Ìpolówó ọjà kan yọ, ó bo gbogbo ojú fóònù. Ó wá àmì tó máa fi pa á, àmì náà ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ìka tó kún fóróró lọ tẹ ibòmíì, bí áàpù náà ṣe gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bàtà nìyẹn. Kó tó rí ibi tó kàwé dé, ìyẹ̀fun orí iná ti dì mọ́ra wọn gbagidi. Ìyá ọkọ rẹ̀ dé bá a níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn tú gèlè, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ, wọ́n sì gba igbá lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó retí pé kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, torí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí rí.

Ife ta ni?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe mọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan fún mi ní ìlànà oúnjẹ 80 pé kí n tú u láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún áàpù wọn. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó mi, ọ̀sẹ̀ 2 péré ni wọ́n sì fún mi. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pe ife 2, mo kọ ife 2. Níbi tó bá ti ní kí iná mọ níwọ̀n, mo ní kí iná mọ níwọ̀n. Mo gbà pé mo ti ṣiṣẹ́ mi.

Ìgbà tí mo ka díẹ̀ níbẹ̀ sétí màmá wa ni wọ́n bi mí léèrè pé: “Ife ta ni?”

Mi ò rí èsì fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, ife tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nílé ìdáná máa ń gbà tó mìlílítà 240. Ti Ọsirélíà ń gba 250. Ti Jàpáàn ń gba 200, ife tí wọ́n sì fi ń wọn ìrẹsì níbẹ̀, 180 péré ló ń gbà. Nílé tiwa n’Íbàdàn, ife ni ohun tí bàbá wa fi ń mu tíì, kò sì sí méjì tó dọ́gba nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá wa ò fi ife wọn nǹkan rí láyé wọn. Agolo mílíìkì ni wọ́n ń lò, tàbí dérìká, tàbí kóńgò, tàbí ẹ̀kúnwọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá dé Niamey, tiya lẹ máa bá lọ́jà, ì báà jẹ́ ní ọjà Katako tàbí ní Ọjà Kékeré. Igbá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta jéró, ẹ̀wà àti ìrẹsì ni. Tiya kan máa ń tó kílò 2 ààbọ̀, nígbà tí kóńgò ìrẹsì tiwa ò ju nǹkan bíi kílò 1 ààbọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ mọ̀. Ó ra tiya kan ẹ̀wà bí ẹni ra kóńgò kan, ọjọ́ 3 ni wọ́n fi jẹ ẹ̀wà ọ̀hún. (Mi ò tíì sọ ti àwọn ọlọ́jà wa tó máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọlé. Kò sí áàpù tó lè tún ìyẹn ṣe.)

Àtìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí áàpù oúnjẹ bi èèyàn ni pé: “Kí lẹ fi ń wọn nǹkan nílé yín?” Kó gbé àwòrán kóńgò, tiya, agolo mílíìkì àti ife síwájú ẹni náà, kó mú ọ̀kan. Kí áàpù wá ṣírò tó kù fúnra ẹ̀. Kó tún béèrè iye ẹni tó fẹ́ jẹun. Ìṣirò kékeré ni fún fóònù, àmọ́ ìyàwó ilé tó fẹ́ bọ́ èèyàn 11 pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n kọ fún èèyàn 4 mọ bí orí ṣe máa ń gbóná tó.

Ọ̀rọ̀ iná náà nìyẹn. Igi ìdáná àti èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ní Niamey ń lò, bó ṣe rí náà nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa látìgbà tí gáàsì ti wọ́n. Tí áàpù bá wá ní kẹ́ ẹ din ata fún ìṣẹ́jú 15, iná ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Àwọn ìyá wa kì í ka ìṣẹ́jú. Wọ́n á ní kí ata máa dín títí epo á fi lé sókè, kí àlùbọ́sà máa wà lórí iná títí á fi rọ̀, kí ẹ̀wà máa sè títí tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ táá fọ́. Ohun tí ojú rí, tí imú gbọ́, tí ọwọ́ sì mọ̀ lára ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá èédú mu, ó bá gáàsì mu, ó bá iná mànàmáná náà mu. Ká ní mo mọ̀ ni, òun ni mi ò bá kọ sínú ìlànà 80 yẹn.

Ọwọ́ kì í mọ́ nílé ìdáná

Àwọn tó ń ṣe áàpù sábà máa ń jókòó sídìí tábìlì, ọwọ́ wọn mọ́, íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá. Ẹni tó ń dáná ò rí bẹ́ẹ̀. Epo wà lọ́wọ́ ẹ̀, èéfín wà lójú ẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fóònù ló jẹ́ pé tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn. Áàpù lè sọ fún fóònù pé kó má pajú dé títí wọ́n á fi sè tán. Iṣẹ́ tí kò gba ẹni tó ń kọ áàpù ní àkókò rárá ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò ṣe é. Google tó ni Android gba àwọn tó ń ṣe áàpù níyànjú pé kí ibi tí èèyàn máa tẹ̀ má ṣe kéré ju nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ, torí bí orí ìka ṣe tó nìyẹn. Fún ẹni tí ìka ẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun, mo rò pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lójú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi débi tí ẹni tó dúró sídìí ààrò á ti máa rí i láti òkèèrè.

Ó tún yẹ kó ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Lẹ́yìn táwọn ológun gbàjọba ní Niger lóṣù July 2023, Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni ìpín tó pọ̀ jù nínú iná tí wọ́n ń lò ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé lásìkò yẹn, àwọn kì í tan fóònù àfi táwọn bá fẹ́ pe ilé. Áàpù tó ń fi fídíò ńláńlá jẹ bátìrì àti dátà kò wúlò fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwòrán kéékèèké tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀ ló dáa jù. Láti 2017 ni Google ti gbé ẹ̀yà Android kan jáde fún àwọn fóònù tí agbára wọn kéré, tó fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ewé kan, orúkọ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ dé Niamey, ẹ fẹ́ ra irú. Dawadawa ni wọ́n ń pè é lédè Haúsá, soumbala ni wọ́n ń pè é táwọn tó ń sọ Faransé bá ń tà á. Ẹ̀wà ń jẹ́ wake, ó tún ń jẹ́ niébé. Ilá ń jẹ́ kubewa, ó ń jẹ́ gombo. Ohun tá à ń pè ní lúrú lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní kuka. Ìṣápá tá a fi ń ṣe zobo, bissap ni. Ewé moringa ń jẹ́ zogale lẹ́nu Haúsá, nígbà tó jẹ́ pé kopto táwọn Zarma ń sọ lè túmọ̀ sí ewé lásán, ó sì tún lè jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ewé yẹn àti kúlíkúlí ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ lèyí. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá tẹ “irú” sínú áàpù tí wọ́n ṣe lédè Faransé, áàpù náà á ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Irú wà níbẹ̀, orúkọ ló yàtọ̀. Tí áàpù náà bá sì jẹ́ ti Yorùbá, àmì ohùn náà tún lè dí i lọ́wọ́. Mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ fóònù? Ẹni tó tẹ “ewedu” àti ẹni tó tẹ “ewédú”, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń wá. Ó yẹ kí áàpù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú áàpù tí mo bá wọn ṣiṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n: gbogbo àmì tí mo fara balẹ̀ fi sórí ọ̀rọ̀ ló wá di ògiri láàárín oúnjẹ àti ẹni tó ń wá a. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn àmì yẹn ni mo fi ń yangàn.

Àwọn tó mọ oúnjẹ sè jù

Ní Niger, àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ju ìdajì lọ, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn obìnrin yìí náà ló mọ oúnjẹ sè jù. Tí áàpù bá jẹ́ kìkì ìwé kíkà, àwọn tí ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn ò ní lè lò ó, wọn ò sì ní lè fi tiwọn kún un.

Kì í ṣe pé fóònù ṣòro fún wọn o. Ní 2009, ètò ẹ̀kọ́ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní ABC bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Dosso àti Zinder ní Niger. Jenny Aker, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Tufts, wà lára àwọn tó ṣèwádìí nípa ẹ̀. Abúlé 113 ni wọ́n lò. Gbogbo wọn ló kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò, lédè Haúsá tàbí Zarma. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n fi fóònù kún un, fóònù kékeré tí kò ní ju bọ́tìnnì lọ, kan fún èèyàn 5. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó lo fóònù ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lò ó. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò le: wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi fóònù ṣe. Wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ àti ọkọ tó wà lẹ́yìn odi.

Èyí tó wú mi lórí jù níbi tó bá kan ti oúnjẹ ni Cookpad. Ọkùnrin ará Jàpáàn kan, Akimitsu Sano, ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Àwọn tó ń dáná nílé ló ń kọ ìlànà oúnjẹ síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀gá asèoúnjẹ. Ẹni tó bá sè é tẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíì kọ lè ya fọ́tò ìkòkò tiẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó dé Nàìjíríà, àwọn obìnrin ilẹ̀ Haúsá ò dúró de olùtumọ̀ kankan. Wọ́n fi Haúsá kọ oúnjẹ wọn síbẹ̀ fúnra wọn, lọ́nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ nílé. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé Haúsá náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ní Niamey, tí ìjọba Niger tiẹ̀ ti sọ ọ́ di èdè orílẹ̀-èdè wọn ní 2025, ìlànà tí obìnrin kan kọ ní Kano wúlò fún ẹni tó wà ní Niamey láìsí pé wọ́n tú u. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá rí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń tú ìyẹ̀fun kó má bàa dì.

Fún àwọn tí kò mọ̀wé, ohùn ló kù. Ẹ wo WhatsApp. Láti 2013 tí wọ́n ti fi ohùn gbígbà sílẹ̀ síbẹ̀ ni àwọn ìyá wa tí kò lè kọ ìlà kan ti ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, ká má tíì sọ ti àdúrà tí wọ́n ń gbà sínú ẹ̀. Áàpù oúnjẹ tó bá ní bọ́tìnnì ńlá kan tó máa ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde ní Haúsá, Zarma tàbí Yorùbá, òun ni mo máa gbé sórí fóònù màmá wa.

Oyin inú ògì

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ sọ, àmọ́ màá sọ ọ́. Lára ìlànà 80 tí mo tú, ọ̀kan jẹ́ ti ògì ọmọdé. Wọ́n ní kí wọ́n fi ṣíbí oyin kan sí i kó lè dùn. Mo tú u, mo sì kọjá lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ, ó ń lo áàpù yẹn torí pé ọwọ́ mi ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ náà jẹ́ oṣù 8. Ó ti ra oyin. Ọlọ́run ló ní kó sọ ọ́ níwájú nọ́ọ̀sì nígbà tó gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì náà ní kó má dán an wò. Àwọn dókítà kìlọ̀ pé ká má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin rárá, bó ti wù kó kéré mọ, torí pé irú kòkòrò àrùn kan lè wà nínú ẹ̀ tó máa mú májèlé jáde nínú ìfun ọmọ ọwọ́. Ara ọmọ á rọ jọwọrọ, kò ní lè fa ọyàn, ó sì lè ṣòro fún un láti mí. Gbígbóná ògì ò ní kí kòkòrò náà má ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé oyin wà lára ohun tá a fi ń sọmọ lórúkọ. Àwọn òbí tàbí àlejò lè tọ́ ọ wò dípò ọmọ.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kí wọ́n tó yọ ìlà náà kúrò. Kò sí ibi kankan nínú áàpù náà tí ìyá kan ti lè tẹ̀ láti sọ pé ohun kan ò dáa. Nínú gbogbo àléébù tí mo ti kà sílẹ̀, èyí ló burú jù lójú mi. Ó yẹ kí áàpù oúnjẹ béèrè bóyá ọmọ ọwọ́ wà nílé, bóyá ẹnì kan wà tí ẹ̀pà ń dààmú ara ẹ̀, bóyá ẹnì kan ní ìtọ̀ ṣúgà, kó sì fi ìkìlọ̀ síwájú oúnjẹ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná.

Ẹ fún màmá, kẹ́ ẹ sì dákẹ́

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín kan wà nílé tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù. Wọ́n pọ̀ gan-an báyìí. Tó bá ṣe ti oúnjẹ, ẹ ní kó gbé fóònù fún màmá àgbà nígbà tí wọ́n ń dáná lọ́wọ́, kó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé “ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn”. Kó máa kọ gbogbo ibi tí màmá ti dúró tàbí tí wọ́n ti kanra sílẹ̀. Jakob Nielsen, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí jù, kọ̀wé ní 2000 pé èèyàn 5 péré ti tó láti fi rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù tó wà níbẹ̀. Ilé wo nínú ilé wa ni wọn ò ti ní rí èèyàn 5?

Èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò màmá wa, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se èkuru, ìgbésẹ̀ kan sí fáìlì kan, kò sí èyí tó gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo fi orúkọ sí wọn láti 1 dé 9, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Niamey. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ìyá ọkọ òun máa ń jókòó tì òun tóun bá ń tẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ nínú fáìlì 4, màmá wa pariwo mọ́ mi pé kí n má tíì fi iyọ̀ sí i, ìyá á sì na ọwọ́, wọ́n á gbé igò iyọ̀ kúrò níwájú ẹ̀gbọ́n mi.